Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, àbí Ohùn?

Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ìbàdàn mọ̀ pé ọjọ́ firídọ́ọ̀mù òun ń bọ̀. Ọ̀gá á gbàdúrà sí i lórí, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á dá aṣọ ẹbí, wọ́n á sì gbé sátífíkéètì kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní nǹkan kan tó jọ ọ́. Iṣẹ́ atọ́kùn eré Dungeons & Dragons ni, ìyẹn ẹni tó ń jókòó síwájú àwọn tó ń ṣeré, tó ń sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tó dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún wọn, tó ń sọ̀rọ̀ bí ọba, tó ń sọ̀rọ̀ bí ìwin, tó sì ń dájọ́ nígbà tí òfin eré bá ta kókó. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi ní kí n lọ máa tọ́kùn tèmi, bíà ló rà fún mi. Èmi kì í mu bíà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe parí ayẹyẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré náà ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ ló máa rò pé ti kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Oníkálukú ní ẹ̀dá kan tó ń ṣe: ẹnì kan lè jẹ́ jagunjagun, ẹnì kan oníṣègùn, ẹnì kan olè tó mọ àgádágodo ṣí. Agbára ẹ̀dá náà, ọgbọ́n rẹ̀ àti ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ wà lórí ìwé pélébé kan níwájú ẹni tó ni ín. Atọ́kùn á ní, “Ẹ ti dé ẹnu ihò àpáta. Èéfín ń rú jáde. Kí lẹ máa ṣe?” Wọ́n á wí. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bá le, wọ́n á ju dáìsì olójú ogún, wọ́n á fi ohun tó wà lórí ìwé wọn kún un. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá tó iye tí atọ́kùn ní lọ́kàn, ó bọ́ sí i. Bí kò bá tó, wàhálà dé. Kò sí ẹni tó ń na ẹnì kejì nínú eré yìí. Ìtàn kan náà ni gbogbo wọn jọ ń pa, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí, títí kan atọ́kùn fúnra rẹ̀.

Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni Gygax ń gbé. Arneson wá láti Minnesota, níbi tó ti ń darí irú eré bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìlú àfinúrò kan tó pè ní Blackmoor. Àpótí 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ìwé pélébé mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, dọ́là 10. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Ian Livingstone, Steve Jackson àti John Peake dá Games Workshop sílẹ̀ lọ́dún 1975, ilé-iṣẹ́ yẹn ló sì sọ eré náà di ohun tí wọ́n ń rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá mi wà lára àwọn ọmọ ilé-ìwé tó fi owó oúnjẹ ọ̀sán rà á láyé ìgbà yẹn. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù la ti ń ṣeré. Bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n níwájú, àwọn tó ń wò ó ń pariwo, àwa náà ń pa tiwa lẹ́yìn. Ọ̀gá mi kì í kọ́ni bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni. Ó kàn ní kí n gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, lẹ́yìn páálí tí atọ́kùn fi ń bo ìwé rẹ̀, kí n sì máa wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣeré. Ẹni tó bá ti mú dáìsì dání kí wọ́n tó bi í ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe. Òun ni kí o bi kẹ́yìn, torí kò ní gbàgbé. Ẹni tó ń ya òdòdó sí etí ìwé rẹ̀ ti kúrò láàárín yín. Òun ni kí ìwin kọ́kọ́ kọlù. Ẹni tó ń wo ojú ẹlòmíì kó tó dáhùn ń tọrọ àyè ni. Dúró dè é. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá bàbá mi kí n tó wọ bàálù, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi, ọkùnrin ará Skọ́tláńdì, ló fi hàn mí pé èèyàn lè fi ṣiṣẹ́ jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa.

Lẹ́yìn ojú ló kan ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀gá mi á ní, “Ilẹ̀kùn náà ṣí,” á sì dákẹ́. Á mu omi. Á to bébà rẹ̀. Kò tíì sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnì kan á ti ní òun sá padà sẹ́yìn. Nígbà míì, á ju dáìsì lẹ́yìn páálí láìnídìí, á wò ó, á ya ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á kọ nǹkan sílẹ̀. Gbogbo tábìlì á gbọ̀n. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo rí ohun tó ń kọ: mílíìkì, búrẹ́dì, bátìrì. Ó kọ́ mi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn tó ń ṣeré máa ń fi ẹ̀rù tara wọn dí, ẹ̀rù tí wọ́n bá sì fọwọ́ ara wọn mú wá máa ń ju èyí tí atọ́kùn lè ròyìn lọ.

Ó tún kọ́ mi láti má fẹ́ràn ìmúrasílẹ̀ mi jù. A ní rọ́bà kan tí wọ́n ya ìlà sí lára, ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ íńṣì 1, a sì kà á sí ẹsẹ̀ bàtà 5 nínú ìtàn. Máákà ni a fi ń ya ògiri sí i, omi la fi ń nù ún. Bí mo bá múra ilé èrò kan sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀, tí àwọn tó ń ṣeré wá pinnu pé iná ni kí wọ́n ti bọ̀ ọ́ láti ìta, mo gbọ́dọ̀ nu ilé náà kúrò kí n sì ya ìgboro tí àwọn ará ìlú ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú kórobá. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: nínú òfin eré, ìyípo ìjà kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 6, ó sì lè gba ìdajì wákàtí lórí tábìlì, torí gbogbo ènìyàn ló ní àbá.

Ohun kan wà tí ọ̀gá mi kò kọ́ mi, bóyá torí pé òun kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Èmi tí wọ́n pàlọ́ fún ní kékeré mọ̀ pé apàlọ́ tí kò ní elégbè ń dá sọ̀rọ̀ lásán. Tábìlì wa kún fún elégbè. Nínú wa, ìyá kan wà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí mo ń pè ní Àǹtí. Oníṣègùn ni ẹ̀dá tirẹ̀. Ìgbàkígbà tí nǹkan burúkú bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, Àǹtí á na ọwọ́ sókè, á ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin ará Pólàǹdì tó ń ṣe jagunjagun fi mú un mọ́ ẹnu, òun pàápàá á máa sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, ẹ̀rín á gba yàrá. Àárín ẹ̀rín yẹn ni atọ́kùn ti ń rí àyè ronú ohun tó kàn. Bí kò bá sí i, ṣe ni á kàn máa dá ka gbólóhùn lọ bí oníròyìn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, kónílé-ó-gbélé dé. Ilé ọtí tì, àwa náà kó eré wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a lò ti wà nílẹ̀ tipẹ́: Roll20, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, fún máàpù àti dáìsì, àti Discord, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, fún ohùn. Mo rò pé kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí àwọn tó kórìíra eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ ohun tó fà á, wọ́n á kàn ní kò dùn tó.

Elégbè ló kọ́kọ́ kú. Àwọn ètò tó ń gbé ohùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń yọ ariwo kúrò kí ọ̀rọ̀ lè dún ketekete, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹ̀rín jẹ́ ọ̀rọ̀. Ọwọ́ tí wọ́n fi lu tábìlì, ẹnu tí wọ́n pa, “hẹ̀n-ẹ́n” tí wọ́n fi ń ti apàlọ́ lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ló kà sí ìdọ̀tí. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, a ò ní gbọ́ ẹnì kankan já, àwọn méjèèjì á sì dákẹ́ pọ̀, wọ́n á ní “Ẹ máa sọ,” “Rárá, ẹ máa sọ.” Ọmọlúàbí pọ̀ débi pé eré kò lọ mọ́. Ojú náà kò sí. Kámẹ́rà wà o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ojú mi lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò wo kámẹ́rà, nítorí náà kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti ẹnikẹ́ni pàdé. Èyí tó burú jù ni ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo fi àkókò púpọ̀ kọ́. Mo ní, “Ilẹ̀kùn náà ṣí,” mo dákẹ́, ẹnì kan sì dáhùn pé, “Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ ti lọ ni?”

Ọ̀gá mi ni mo pè. Kò rojọ́ kankan, ìtàn ló sọ fún mi, mo sì ti kà á lẹ́yìn náà láti ẹnu àwọn tó bá Gygax ṣeré ní Lake Geneva. Nígbà tí eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáyé, Gygax a máa jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, á fa àwọn dúróà irin tó ń kó fáìlì sí jáde, wọ́n á sì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣeré kì í rí i. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ láti ẹ̀yìn irin. Bákan náà, àwọn ìwé àtijọ́ eré náà, títí dé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún 1981, ní kí àwọn tó ń ṣeré yan agbẹnusọ kan láàárín ara wọn, kí òun máa sọ ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ pinnu fún atọ́kùn. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ tábìlì, wọ́n ti pa àṣà agbẹnusọ tì ká tó kó dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ó jọ ohun tí kò wúlò nígbà tí gbogbo ènìyàn bá jókòó sójú kan.

Àwọn tó ń sọ pé ojú-kojú ni eré yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò tíì gbọ́ ti dúróà yẹn. Mo fi ojú rẹ̀ tún gbogbo iṣẹ́ mi wò. Bí ohùn ló kù fún mi, ohùn náà gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ojú. N kò tún bi gbogbo ẹgbẹ́ pé kí lẹ máa ṣe mọ́. Orúkọ ni mo ń pè: “Àǹtí, ilẹ̀kùn ti ń mì, ọwọ́ yín ló sún mọ́ ọn jù. Kí lẹ ṣe?” Lẹ́yìn rẹ̀, mo sọ ẹni tó kàn kó tó kàn án, kó lè múra. Mo gé àpèjúwe mi kúrú, gbólóhùn mẹ́ta péré, mo sì jẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn tàbí sá fún. A dá agbẹnusọ padà. Tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, mo máa ń pa makirofóònù tèmi, wọ́n á bá ara wọn jà tán, agbẹnusọ ọjọ́ náà á wá bá mi sọ̀rọ̀.

Ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo fi ń yangàn. Mo wá ohùn òjò kan, mo sì ń jẹ́ kó máa rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí mo bá dákẹ́, òjò ṣì ń rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Ẹ̀rù sì padà. Ní ti elégbè, a fún un ní ilé tuntun: ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tẹ ẹ̀rín. Ẹni tó bá fẹ́ pariwo, kó tẹ ariwo. Àǹtí, tí kì í tètè rí lẹ́tà lórí bọ́tìnnì, gé tirẹ̀ kúrú sí OMJ, bẹ́ẹ̀ ni ará Pólàǹdì náà tún gbà á. Mò ń sọ ìtàn lọ, OMJ ń rọ́ jáde lápá ọ̀tún bí àdúrà òwúrọ̀, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí n sòótọ́, èyí dára ju ti tábìlì lọ níbì kan: elégbè lè sọ̀rọ̀ láìjá ohùn apàlọ́ gbà.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló tún fún wa ní ọmọ àbúrò bàbá mi, tó wà ní yunifásítì n'Íbàdàn. Olè ló ń ṣe. Nígbà ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá títí di èyí tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wákàtí kan ni ti Nàìjíríà fi ṣáájú, alẹ́ á sì ti lẹ́ jù fún un ká tó parí. Kò ṣí kámẹ́rà rí, torí dátà. Tí wọ́n bá mú iná lọ, orí fóònù ni á máa bá wa lọ títí bátìrì á fi kú, nítorí náà a fún olè rẹ̀ ní àìsàn kan tó máa ń mú un sùn lójijì, kí ìtàn lè ní ìdí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. “Ẹ má bínú, Bọ̀dá, ẹ ò tíì pè mí,” á sọ báyìí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí n tó mí, á ti yíjú sí ọba tí mò ń ṣe: “Ìwọ ọba aláìnítìjú yìí, owó mi dà?”

Máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́wà ju rọ́bà wa lọ, n kò ní jiyàn. Òkùnkùn lè bo gbogbo rẹ̀, kó máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn, tí olè á rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí jagunjagun kò rí. Tábìlì kò lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n atọ́kùn tó bá ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ya ilé èrò kan kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti iná bọ̀ ọ́. Mo rí i lára àwọn atọ́kùn mìíràn, bí wọ́n ṣe ń rọra ti àwọn tó ń ṣeré gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti yà. Nítorí náà, máàpù kì í jáde lọ́dọ̀ mi àfi ìgbà ìjà ńlá. Ní ti dáìsì, mo ní kí oníkálukú ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé, kó sọ iye tó wá. Àwọn kan á ní, bí wọ́n bá purọ́ ńkọ́? Ẹni tó ń purọ́ nínú eré tí kò ní ẹ̀bùn, ẹ jẹ́ ó máa purọ́ lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n gbà kí àwọn èèyàn tún máa jókòó sínú ilé ọtí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A padà sí yàrá ẹ̀yìn wa. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń pe orúkọ, bí ìgbà tí mo wà lórí Discord. Ọ̀gá mi ní mò ń ṣe bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Ṣùgbọ́n obìnrin ará Írẹ́láńdì kan wà láàárín wa tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. A ti gbà pé bó ṣe rí nìyẹn, pé ó kàn ń gbádùn wíwò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ rẹ̀, ó di ẹni tí àbá rẹ̀ jinlẹ̀ jù nínú wa. Ariwo àwa yòókù ló bò ó mọ́lẹ̀ ní tábìlì, ojú tí mo kọ́ láti máa wò kò sì rí i, torí pé ẹni tó ti gbà pé ààyè kò ní kan òun kì í fi nǹkan kan hàn lójú. Mo sọ ìyẹn fún ọ̀gá mi. Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun náà pe orúkọ obìnrin náà.

Ibi tí èmi àti ọ̀gá mi kò tíì gbà fún ara wa ni tábìlì alápá méjì, èyí tí àwọn kan á wà nínú yàrá, tí ẹnì kan á sì wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n gbé sí orí àga. Fún mi, kò sí ohun tó burú tó o. Yàrá ní elégbè rẹ̀, ẹni tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ọ. Makirofóònù kan ṣoṣo tó wà láàárín tábìlì gbọ́ ọ̀rá ìpápánu tó sún mọ́ ọn ju ohùn atọ́kùn lọ. Atọ́kùn wá ní iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti ojú àti ti ohùn, kì í sì í lè ṣe ọ̀kankan dáadáa. Òfin tèmi ni pé bí ẹnì kan bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo wa wà níbẹ̀, oníkálukú nílé rẹ̀, pẹ̀lú íápíìsì létí. Nítorí ọmọ Ìbàdàn wa, a ya ìtàn tirẹ̀ sọ́tọ̀ sí òpin oṣù, a sì fi àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù fún ilé ọtí. Ọ̀gá mi ní àṣejù ni, pé ẹni tí kò bá lè wá, kí ẹ̀dá rẹ̀ sùn títí á fi wá.

Ní báyìí, ọmọ Àǹtí ti bímọ ní Manchester, Àǹtí sì ti lọ wẹ ọmọ. Kò ní padà kí ọmọ tó ra ọwọ́. Oníṣègùn kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn, a sì fi í sílẹ̀ sáàárín ìjà. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ ní kí oníṣègùn sùn. Jagunjagun, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò gbà. Gbogbo wa ti wà lórí Discord láti ìgbà náà, ọ̀gá mi sì ti ra makirofóònù tuntun, ó ní torí iṣẹ́ ni.